Moustapha Alassane: ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀lọ́ jẹ ọba nínú sinimá

Ní ọdún 1966, ọ̀pọ̀lọ́ kan di ààrẹ orílẹ̀-èdè. Sim ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ìlú tí ó ń ṣàkóso, olórí ìlú mìíràn sì pè é pé kí ó wá kí òun. Inú fíìmù kékeré kan ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, fíìmù tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹni tí ó ya àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ náà, tí ó sì mú kí ó máa rìn lójú àwọn ènìyàn, ni Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger. Ó ti kú ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ ṣì ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín káàkiri ayé. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nìyí.

Ọmọ tí ó ń fi òjìji ṣeré

Ọdún 1942 ni wọ́n bí Moustapha Alassane. Ní àsìkò náà, àwọn òyìnbó Faransé ni ó ń jọba lórí Niger, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń jọba lórí Dàhòmì, ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Moustapha kọ́. Ó mọ bí a ṣe ń tú ẹ̀rọ, ó sì mọ bí a ṣe ń tò ó padà. Ìmọ̀ yìí wúlò fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí ó fi ṣe fíìmù ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Kí ó tó di olùdarí fíìmù, ó ti ń fi àwòrán dá àwọn ènìyàn lára yá. Ó máa ń gé páálí ní àwòrán ènìyàn àti ẹranko. A óò gbé páálí náà sí iwájú iná fìtílà, òjìji rẹ̀ a sì hàn lára aṣọ tàbí ògiri. Bí ọwọ́ bá ti ń mì í, bẹ́ẹ̀ ni òjìji náà ń rìn. Àwọn tí ó jókòó ń wòran a máa rẹ́rìn-ín, ẹnu a sì máa yà wọ́n. Ohun tí sinimá jẹ́ náà nìyẹn: ìmọ́lẹ̀, òjìji, àti ìtàn tí ó dùn.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà ayé àwọn amúnisìn, ọmọ Áfíríkà kò lè ṣàdédé gbé kámẹ́rà kí ó sì máa ya fíìmù. Ní ọdún 1934, ìjọba Faransé ṣe òfin kan. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Òfin yìí wà lára ohun tí ó sé ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀. Paulin Soumanou Vieyra, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ọdún 1925, jẹ́ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe fíìmù ní ọdún 1955, ìlú Paris ni wọ́n ti yà á, wọn kò yà á ní ilẹ̀ baba wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àjèjì ni ó ń ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ó ti wù wọ́n.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Dàhòmì àti Niger gba òmìnira. Moustapha kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ìlẹ̀kùn ti ṣí, ó sì wọlé.

Ó rí ẹni kọ́ ọ

Ní Niamey, olú-ìlú Niger, ilé ìwádìí kan wà tí àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ nípa àṣà àti ìtàn àwọn ènìyàn. Ibẹ̀ ni Moustapha ti pàdé Jean Rouch, òyìnbó Faransé kan. Rouch ti kọ́kọ́ wá sí Niger ní ọdún 1941 láti ṣe iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá. Lẹ́yìn náà ni ó di ẹni tí ń ya fíìmù nípa ìgbésí ayé àwọn ará Niger. Rouch rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ẹ̀bùn, ó sì kọ́ ọ ní bí a ṣe ń lo kámẹ́rà.

Ní ọdún 1962, Moustapha ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó pè é ní Aouré. Ó fi hàn nínú rẹ̀ bí àwọn Zarma ṣe ń ṣe ìgbéyàwó ní abúlé. Ní ọdún kan náà, ó ṣe òmíràn nípa òrùka ọba kan tí ń jẹ́ Koda. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ó ti mú èyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti hàn pé kò fẹ́ fi ìtàn àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀.

Rouch tún ràn án lọ́wọ́ láti dé Kánádà. Níbẹ̀, ó pàdé Norman McLaren, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sinimá alàwòrán ní gbogbo ayé. McLaren a máa ya àwòrán sí ara téèpù fíìmù gan-an láìlo kámẹ́rà rárá. Lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí ni Moustapha ti rí i pé kì í ṣe owó púpọ̀ tàbí ẹ̀rọ ńlá ni ó ń mú àwòrán rìn. Sùúrù ni, àti ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́.

Bí àwòrán ṣe ń rìn

Kí ni sinimá alàwòrán? Àwòrán kò lè rìn fúnra rẹ̀. Ojú wa ni a ń tàn jẹ. Bí ayàwòrán bá fẹ́ kí ọ̀pọ̀lọ́ fò, yóò ya ọ̀pọ̀lọ́ náà níbi tí ó jókòó sí. Yóò tún ya òmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń nà díẹ̀. Yóò ya ẹ̀kẹta tí ó ti kúrò nílẹ̀, títí tí ọ̀pọ̀lọ́ náà yóò fi balẹ̀ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí, yóò fi kámẹ́rà ya wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá wá fi wọ́n hàn kíákíá, ní títẹ̀lé ara wọn, ojú yóò rí ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò.

Nínú sinimá, àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan péré gba àwòrán 1.440. Ìṣẹ́jú márùn-ún gba 7.200. Òótọ́ ni pé ayàwòrán lè lo àwòrán kan ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣẹ́ lè dín kù. Síbẹ̀síbẹ̀, iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè parí rẹ̀.

Ọba àwọn ọ̀pọ̀lọ́

Ní ọdún 1965, Moustapha parí fíìmù alàwòrán tí ó pè ní La mort de Gandji, èyí tí ó túmọ̀ sí Ikú Gandji. Ìtàn ọba àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ni, pẹ̀lú àwọn ará ààfin rẹ̀. Ní Íjíbítì, àwọn kan ti ṣe sinimá alàwòrán ní àwọn ọdún 1930. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, fíìmù Moustapha yìí ni a sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá ti iṣẹ́-ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní Dakar ní ọdún 1966, fíìmù náà gba ẹ̀bùn.

Ìtàn tí ẹranko ti ń jọba kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Onigbolo, ní Pobè tàbí ní Sakété. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí iṣẹ́ oko sì tán, àwọn àgbà a máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé. Nínú àlọ́ náà, Kìnnìún a máa pàṣẹ, Ìjàpá a máa rẹ́ni jẹ, Ajá a sì máa sá fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ènìyàn ni a ń bá wí. Nígbà tí a bá sọ pé ojúkòkòrò pa Ìjàpá, ẹni tí ó lójúkòkòrò láàrin àwọn tí ó jókòó yóò fi ọwọ́ ra orí.

Ohun tí Moustapha ṣe ni pé ó gba ìtàn àtijọ́ yìí, ó sì yí i padà. Nínú ìtàn, a máa ń retí ọba tí ó ga, tí ojú rẹ̀ le, tí gbogbo ayé ń wárìrì fún. Moustapha fi ọ̀pọ̀lọ́ sí orí ìtẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ a máa wú ikùn, ojú rẹ̀ a yọ síta, ẹnu rẹ̀ a gbòòrò, ìró ohùn rẹ̀ a sì pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ bá ń gbéra ga, tí ó ń retí kí a dọ̀bálẹ̀ fún òun, kò sí bí a kò ṣe ní rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín tán, a óò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹni tí ó jọ ọ́.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn pàápàá, àwọn ayàwòrán ti fi ìtàn àtijọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Tex Avery, tí ó gbé ayé láti ọdún 1908 sí ọdún 1980, mú ìtàn tí gbogbo ọmọdé ilẹ̀ òyìnbó mọ̀, ìtàn ọmọdébìnrin oníbòrí pupa àti ìkookò. Nínú fíìmù tí ó ṣe ní ọdún 1943, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lójijì, ìkookò yarí. Ọmọdébìnrin náà yarí. Ìyá àgbà náà yarí. Wọ́n ní ìtàn àtijọ́ yìí ti sú àwọn. Ni ìtàn náà bá tún bẹ̀rẹ̀ ní ìlú ńlá: ìkookò di ọlọ́rọ̀ tí ó wọ kóòtù, ọmọbìnrin náà di akọrin, ìyá àgbà ni ó sì wá ń lé ìkookò kiri. Ẹ̀rín ni Avery ń wá. Moustapha ń wá ẹ̀rín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó tún ń wá nǹkan mìíràn.

Ìrìn-àjò Sim

Nǹkan mìíràn náà hàn kedere ní ọdún 1966 nínú Bon voyage, Sim. Sim, ààrẹ ìlú àwọn ọ̀pọ̀lọ́, gba ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ olórí ìlú kan. Ó gbéra. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n yẹ́ ẹ sí. Nígbà tí ó padà dé ilé, ayé ti yí. Agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wo fíìmù yìí lónìí lè rò pé eré lásán ni. Kí ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963, wọ́n pa Sylvanus Olympio, ààrẹ Togo. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Christophe Soglo gba ìjọba Dàhòmì lọ́wọ́ Hubert Maga. Ní ọdún 1965, Soglo tún gba ìjọba lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ìjọba wó ní Haute-Volta, tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí; àwọn ọmọ ogun sì dojú ìjọba bolẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966, Kwame Nkrumah ti Gánà wà ní ìrìn-àjò ní ilẹ̀ Éṣíà nígbà tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní Accra.

Àwọn àgbà ti sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Nígbà tí Moustapha mú ọ̀pọ̀lọ́ jáde ní ojú ọ̀sán gangan, ìdí wà níbẹ̀. Ó ń wí fún àwọn alágbára pé ayẹyẹ àti ìrìn-àjò kò sọ ènìyàn di olórí, bí kò bá mọ ohun tí ń lọ ní ilé ara rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ó yà. Olórí tí ó bá bínú sí i ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ni ọ̀pọ̀lọ́ náà. Ọgbọ́n àwọn baba wa náà nìyẹn nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ẹlẹ́fẹ̀ a máa kọrin bá ọlọ́rọ̀ àti olóyè wí, ẹ̀rín a máa sọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì bá a mu yóò gbé e mì.

Ní Niger fúnra rẹ̀, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn fíìmù Sim, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1974, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Diori Hamani.

Ó fi àwa náà ṣe ẹ̀fẹ̀

Moustapha kò fi àwọn alágbára nìkan ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní ọdún 1966 kan náà, ó ṣe fíìmù kan tí ènìyàn gidi kópa nínú rẹ̀, Le retour d'un aventurier. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé sí abúlé rẹ̀ ní Niger. Ó kó aṣọ àwọn darandaran Amẹ́ríkà, àwọn kọ́bọ́ì, wá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: fìlà gbòòrò, bàtà gígùn, ìbọn. Bí wọ́n ti wọ̀ ọ́ tán, wọ́n gbàgbé ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jalè, wọ́n ń jà, wọ́n sì da abúlé rú mọ́ àwọn àgbà lọ́wọ́. Zalika Souley, tí ó di òṣèré fíìmù obìnrin àkọ́kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Niger, wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín pọ̀ nínú fíìmù yìí, ṣùgbọ́n ó ní egbò nínú: aṣọ ẹlòmíràn lè yí ènìyàn ní orí padà.

Ní ọdún 1972, ó ṣe FVVA. Lẹ́tà mẹ́rin yìí dúró fún obìnrin, mọ́tò, ilé ńlá àti owó ní èdè Faransé. Ìtàn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ni, tí ó fẹ́ ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí ní kíákíá, tí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ jalè owó. Ẹ̀wọ̀n ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó padà sí ìtàn àtijọ́. Nínú Toula, èyí tí ó mú láti inú ìtàn tí Boubou Hama kọ, ọ̀dá dé sí ìlú kan, iwin omi sì ń bèèrè ọmọbìnrin kan fún ìrúbọ. Ní ọdún 1977, ó ṣe Samba le Grand. Ọmọlangidi ni ó fi ṣe é, kò yà á ní bébà. Samba jẹ́ akọni tí ó fẹ́ fẹ́ ọmọ ọba, ọmọ ọba náà sì ń gbé iṣẹ́ tí ó le koko lé e lọ́wọ́. Bí a ti ń ṣe àwòrán náà ni a ń ṣe ọmọlangidi: a óò mi ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, a óò ya fọ́tò; a óò tún mi í díẹ̀, a óò tún yà á.

Ọwọ́ tí kò sinmi

Moustapha kì í ṣe ẹni tí ń fi ìmọ̀ pamọ́. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun ni ó ṣe olórí ẹ̀ka sinimá ní yunifásítì Niamey. Ìran rẹ̀ ni ó gbé orúkọ Niger ga. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Oumarou Ganda, gba ẹ̀bùn ńlá àkọ́kọ́ ní FESPACO, àjọ̀dún sinimá Áfíríkà ní Ouagadougou, ní ọdún 1972.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, owó fún sinimá dín kù ní Niger. Ọ̀pọ̀ ló jáwọ́. Moustapha kò jáwọ́. Ó lọ ń gbé ní Tahoua, ìlú tí ó jìnnà sí olú-ìlú, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tí ó rí. Ní ọdún 2001, nígbà tí ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó gbé Kokoa jáde. Ìjàkadì ni ó dá lé lórí, irú èyí tí àwọn ará Niger fẹ́ràn púpọ̀. Àwọn ẹranko ni ó ń jà, ọ̀gà wà láàrin wọn. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì pé jọ, wọ́n ń wòran. Láti ìgbà Gandji títí di ìgbà Kokoa, ọdún 36 ti kọjá. Ọ̀pọ̀lọ́ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní ọdún 2007, nígbà àjọ̀dún sinimá ní Cannes, ìjọba Faransé fi oyè dá a lọ́lá. Ilẹ̀ tí òfin rẹ̀ ti dí àwọn ọmọ Áfíríkà lọ́wọ́ nígbà èwe rẹ̀ ni ó wá ń yìn ín ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Moustapha Alassane kú ní Ouagadougou ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2015. Ní ọdún 2017, wọ́n kó àwọn fíìmù rẹ̀ jọ, wọ́n sì fi wọ́n han àwọn ènìyàn ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́-ọnà tí ó lókìkí jù lọ ní New York.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Mẹkáníìkì ni Moustapha nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Páálí, fìtílà àti òjìji ni ó kọ́kọ́ ní. Kò dúró di ìgbà tí wọn yóò fún un ní ilé iṣẹ́ ńlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó lò. Ìtàn tí ó sì sọ kò jìnnà sí i. Etí rẹ̀ ni ó ti fi gbọ́ ọ.

Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, àwọn ọmọ wa ń wo sinimá alàwòrán láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n mọ orúkọ eku, ológbò àti ìkookò ilẹ̀ òyìnbó. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn, nítorí pé ẹ̀rín kò ní orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n Ìjàpá àti Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, wà nílé tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò yà wọ́n. Moustapha Alassane fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ìtàn tí a kò bá sọ yóò kú mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu. Èyí tí a bá sọ, tí a kọ sílẹ̀, tàbí tí a yà, yóò wà láàyè lẹ́yìn ẹni tí ó sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí Sim, ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́, ti wà láàyè lẹ́yìn ẹni tí ó dá a.